Igbà Bàbá Mi tí N Kò Kọ Sínú Lẹ́tà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

N kò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. N kò ní sọ pé mo lérò pé àlàáfíà ni ó bá ọ. Ìwọ ni o mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Tiwa ni mo lè sọ. Ara mi le. Ìyá ń bẹ, ó ń jẹ púpurú rẹ̀ ní àjẹyó, orúnkún ọ̀tún nìkan ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu bí òjò bá ti ṣú. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí n kò ti kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mọ́. Bóyá o mọ ìdí rẹ̀, bóyá o kò mọ̀ ọ́n. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó.

"O" ni mo ń pè ọ́, n kò pè ọ́ ní "ẹ". Bí àwọn ọ̀gá mi bá rí i, wọn yóò ní ọmọ tí a kò kọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí ìsinmi mi àkọ́kọ́ láti ilé ìwé, tí mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" O wo ẹ̀yìn, o wo ẹ̀gbẹ́, o ní, "Ta ni ó tún wà níbí? Ẹni mélòó lò ń kí?" Díẹ̀ ni ó kù kí Ìyá da ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. O ní o rán mi lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àwọn ará Ọ̀yọ́ ni mo gbé bọ̀ wá bá ọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi Yorùbá ilé ìwé sílẹ̀ sí ẹnu ìloro pẹ̀lú bàtà mi kí n tó wọlé. Èdè ilé wa ni mo bá ọ sọ títí o fi lọ, èyí tí a ń ti ọ̀nà ọ̀fun sọ, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n wá láti Ìbàdàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí. N kò mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi ti ilé ìwé yìí gbà á, ṣùgbọ́n mo fi "o" sílẹ̀ fún ọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ́.

Mo ń rántí àwọn ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹun tán, wàá gbé àpótí ìjókòó rẹ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, èmi yóò tẹ́ ẹní, n óò gbé ìgò tádàwà sí apá ọ̀tún mi. Lẹ́tà sí Bùọ̀dá Akin ní Kàdúná ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni o fẹ́ kí n fi kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bùọ̀dá gbọ́ Yorùbá ju àwa méjèèjì lọ. Nígbà tí mo bi ọ́ ní ìdí rẹ̀, o ní, "Ẹgbẹ́ òyìnbó ni ọmọ mi ń bá ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ilé bá dé, ó yẹ kí ó lè nà án sí ọ̀gá rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ kà á, kí ó ní, Akin, gbéra, ilé ń pè ọ́." 

Wàá sọ, èmi yóò kọ. Bí mo bá ti kọ ọ́ tán, wàá ní kí n kà á. Wàá di ojú, wàá gbé ọwọ́ lé orúnkún, wàá sì máa tẹ́tí sí Gẹ̀ẹ́sì tí o kò gbọ́ bí ẹni ń tẹ́tí sí òjò tí ń bọ̀ láti òkèèrè. Bí mo bá pe Akin, wàá mi orí: "Mo gbọ́ ìyẹn." Bí mo bá pe Ìkọ̀yà, ìlú wa: "Hẹn-ẹn, mo gbọ́ ìyẹn náà." Ó ní ọjọ́ kan tí o la ojú kan, o ní, "Ó ti tán? Ohun tí mo sọ pọ̀ ju ìyẹn lọ."

Mo ní, "Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú."

O ní, "Ahun ni."

Lẹ́yìn náà ni wàá fi àtàǹpàkò rẹ bọ epo, wàá tẹ̀ ẹ́ sí igun ìwé nísàlẹ̀. O kò fẹ́ tádàwà. O ní ẹni tí ó bá rí tádàwà kò mọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí epo mọ̀ pé láti ẹkù wa, níbi tí a ti ń tẹ epo, ni. Àtàǹpàkò pupa yẹn a máa gba ìwé kọjá sí òdì kejì. Akọ̀wé mi, lo máa ń pè mí bí o bá ti ń nu ọwọ́. Kò sí ẹlòmíràn tí ó pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí nígbà náà, nítorí o kò lè mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù kẹta ni mo wà. Mo ní ìwé pélébé kan tí èèpo rẹ̀ pupa, tí mo ń kó gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó dùn sí. Bí mo bá rí ọ̀kan nínú ìwé tàbí tí ọ̀gá wa sọ ọ̀kan, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mìíràn gùn tó láti ibí dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ń kọ nǹkan, inú ìwé pupa yẹn ni mo ti ń mú wọn, bí ẹni ń mú aṣọ nínú àpótí aláṣọ, tí n kì í wò ó bóyá ó bá ara ẹni tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́ fún mu. Máàkì ńlá ni mo ń gbà. Ọ̀gá wa ìgbà náà ní mo ń kọ Gẹ̀ẹ́sì bí òyìnbó. Mo gbà á gbọ́. Mo gbà gbọ́ pẹ̀lú pé ohunkóhun tí ó bá ní òórùn ilé wa lára kò gbọ́dọ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹsẹ̀ eléèérí kò ṣe gbọ́dọ̀ gun orí ẹní tí a tẹ́ fún àlejò.

Ọdún yẹn ni igbà rẹ wọlé.

Mo wà nílé fún ìsinmi. Ìrọ̀lẹ́ ni, Ìyá ń yan ẹja lórí iná, èmi ń fọ àwo. Mo rí ọ tí ò ń bọ̀ láti ọ̀nà ẹkù, ò ń rìn díẹ̀díẹ̀, igbà wà ní èjìká rẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò rí okùn tí o fi ń gun ọ̀pẹ yẹn nínú ọgbà ilé wa rí. Ẹkù ni ó ń sùn, lórí òpó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tí a ti ń tẹ ẹyìn. O ti sọ fún wa láti kékeré pé igbà akọpẹ kì í wọlé àfi bí ẹsẹ̀ akọpẹ bá ti dágbére fún ọ̀pẹ. Ti baba rẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún jáde mọ́. O kọjá lára wa. O gbé e kọ́ sí orí ìlẹ̀kùn yàrá rẹ, o fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fi ọwọ́ tẹ ọmọ tí ó sùn, o sì jókòó.  Ẹja jóná lójú Ìyá.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e ni o pè mí. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ti wú. O ní, "Akọ̀wé mi, ti òní kò gùn. Kọ ọ́ pé igbà mi ti wọlé."

Mo dúró de èyí tí ó kù.

"Ó tán. Má fi nǹkan kan kún un. Ọmọ mi ni, yóò gbọ́."

Ó yé mi. O kò fẹ́ kí orúkọ àìsàn wọ inú ìwé, o kò sì fẹ́ bẹ ọmọ. Gbólóhùn kan péré. Ọmọ akọpẹ tí ó bá ka ìyẹn ní Kàdúná yóò gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n, Bàbá, mo mú kálàmù, ojú tì mí. Mo wá igbà nínú díkíṣọ́nárì mi, n kò rí i. Okùn nìkan ni mo rí. Mo wo gbólóhùn náà lọ́kàn mi ní Gẹ̀ẹ́sì: okùn bàbá wa ti wọ inú ilé. Mo rí ọ̀gá òyìnbó kan ní Kàdúná tí ó ń ka ìyẹn. Mo rí i tí ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí Bùọ̀dá mi tí ó dúró níwájú rẹ̀, tí ojú ń tì í nítorí àbúrò rẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà mo ṣí ìwé pupa. Mo kọ ọ́ sókè pé inú mi dùn láti kọ lẹ́tà yìí, pé àlàáfíà pípé ni gbogbo wa wà, mo sì lérò pé bẹ́ẹ̀ náà ni òun wà níbẹ̀. Bí gbogbo lẹ́tà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò tilẹ̀ rò ó, ọwọ́ mi ni ó kọ ọ́. Nísàlẹ̀ mo kọ ọ́ pé Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ yóò sì dùn láti rí ọ nígbàkúgbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà dùn. Kò sí àléébù kan nínú rẹ̀.

Mo kà á fún ọ. O di ojú. Mo pe Akin, o mi orí. Mo pe Ìkọ̀yà, o mi orí. Mo kà á tán, o kò la ojú.

O ní, "N kò gbọ́ igbà."

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì."

O la ojú. Lẹ́yìn náà o ní, "Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Kò sí epo lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn, nítorí o kò lọ sí ẹkù mọ́. O ní kí n lọ bu díẹ̀ wá nínú ìkòkò Ìyá. Mo bù ú wá. Mo di ìwé mú fún ọ kí o tẹ̀ ẹ́.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọdún yìí. Ìyá rò pé igbà wà nínú lẹ́tà. Ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta Ìyá ń gbá yàrá Bùọ̀dá, ó ń ní, "Ó lè jẹ́ òní." Ìwọ náà, bí ọkọ̀ bá ti fọn lójú ọ̀nà, wàá gbé orí sókè. Ogun ṣì ń jà nígbà náà, a ní bóyá ọ̀nà ni kò dára. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tí ń pè é. Kí ni ó dé tí n kò kọ òmíràn? Ìwé wà, tádàwà wà. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀la ni. Ìsinmi parí, mo gbé àpótí mi, o sìn mí dé ìdí igi àgbálùmọ̀, ibi tí agbára rẹ mọ. O ní kí n kàwé dáadáa. Ibẹ̀ ni mo rí ọ mọ.

Wáyà ikú rẹ ni ó mú Bùọ̀dá wá. Ó dé ní ọjọ́ kẹta tí a sin ọ́. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Kò tí ì kí ẹnikẹ́ni tí ó fi rí igbà lórí ìlẹ̀kùn. Ó dúró.

"Ọjọ́ wo ni èyí wọlé?"

Ìyá ní, "Ṣé wọn kò kọ ọ́ sí ọ ni? Ó ti tó oṣù méjì."

Ó yíjú sí mi. N kò tí ì rí ojú Bùọ̀dá Akin bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tí ó máa ń gbé mi sí èjìká lọ sí odò. Ó fa lẹ́tà mi yọ nínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo kọ èyí. Igbà wọlé, o kọ̀wé sí mi pé àlàáfíà pípé? Mo nà án sí ọ̀gá mi, ìlà méjì àkọ́kọ́ ni ó kà. Ó ní, Akin, àwọn ènìyàn rẹ wà dáadáa, dúró di Kérésìmesì. Èmi náà wò ó, mo rí àtàǹpàkò epo nísàlẹ̀, mo ní Bàbá ṣì ń tẹ ẹyìn. Ká ní mo rí igbà nínú rẹ̀, ṣé n óò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi rìn wá!"

Ìyá ní, "Akin, ọmọdé ni."

Ó ní, "Ọmọdé tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì."

Ó fi lẹ́tà náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọwọ́ mi ni ó wà títí di òní. Láti ìgbà náà, bí ó bá kọ̀wé sí Ìyá, ìparí rẹ̀ ni ó máa ń sọ pé kí ó bá òun kí mi. Ìyẹn nìkan.

Lẹ́yìn náà n kò lè kọ nǹkan gidi mọ́. Máàkì kò dín kù o. Ìwé pupa ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ohun tí mo kọ, ó ń dà bí ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ìwọ ni o máa ń sọ pé iná ẹkù tí a kò fi ìhá ẹyìn gbígbẹ dá kì í jó dáadáa. Igi tútù ni mo ń kì bọ inú iná.

Ní fọ́ọ̀mù karùn-ún ni ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì tuntun dé, obìnrin òyìnbó kan tí irun orí rẹ̀ pọ́n, tí ó sì rí wúruwùru bí ìhá ẹyìn. Ká ní o rí i, wàá ti fẹ́ fi dá iná. Ó ní kí olúkúlùkù wa kọ nípa irinṣẹ́ kan nílé bàbá rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ àti àdá. N kò mọ ohun tí ó ṣe mí tí mo fi yan igbà. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ó dá a padà fún mi pẹ̀lú gbólóhùn kan péré nísàlẹ̀: mo ti ka gbogbo rẹ̀, n kò sì rí okùn náà.

Mo lọ bá a lẹ́yìn kíláàsì. Mo rò pé yóò bá mi wí. Ó ní, "Fi hàn mí."

Mo ní, "Kò sí níbí, mà."

"Ọwọ́ rẹ wà níbí."

Ó tú okùn tí wọ́n fi so aṣọ fèrèsé, ó nà án sí mi. Mo gbé e yí òpó ìta kíláàsì ká, mo gbé e yí ẹ̀yìn mi ká, mo so ó bí o ṣe ń so ó, mo fa ara mi sẹ́yìn, mo sì gbé ẹsẹ̀ kan lé òpó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi yọjú lójú fèrèsé. "Akọpẹ o! Já ẹyìn fún wa o! Má ṣubú lu Míìsì o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yìn mi ti mọ ohun tí ẹ̀yìn rẹ mọ̀, Bàbá: pé bí o bá fẹ́ gòkè, o ní láti kọ́kọ́ fi ara rẹ lé okùn lọ́wọ́. Míìsì ń kọ gbogbo ohun tí mo ń sọ sílẹ̀. Nígbà tí mo tú okùn tán, ó nà án sí mi. Ó ní, "Èyí ni kí o lọ kọ. Gbogbo èyí tí o kọ tẹ́lẹ̀, ti ẹlòmíràn ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́. N kò ṣí ìwé pupa. Mo kọ bí o ṣe ń rẹ okùn sómi kí ó tó rọ̀. Mo kọ bí o ṣe ń gbá igbà mọ́ ara ọ̀pẹ bí o bá ń gòkè, pá, pá, pá, tí ó ń dákẹ́ bí o bá dé ibi tí orí ọ̀pẹ wà. Mo kọ pé Ìyá kì í wo òkè. Orí rẹ̀ a wà nílẹ̀, a máa ṣa ẹyìn, etí ni ó fi ń ṣọ́ ọ, bí ìdákẹ́ bá sì ti pẹ́ jù, yóò pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, wàá sì gbá igbà lẹ́ẹ̀kan láti dá a lóhùn. Mo kọ ìrọ̀lẹ́ tí igbà wọlé. Mo kọ ẹja tí ó jóná. Gbólóhùn kúkúrú ni gbogbo rẹ̀. Èdè tí o pè ní ahun náà ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé ahun náà ń fúnni ní nǹkan bí a bá béèrè ohun kan péré lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì mọ ohun náà.

Míìsì ní òun yóò fi sínú ìwé ìròyìn ilé ìwé wa. Ṣùgbọ́n ó fi tádàwà pupa yí igbà po ní gbogbo ibi tí ó wà. Ó ní àwọn tí yóò kà á ní ìlú mìíràn kò ní mọ̀ ọ́n, kí n pè é ní okùn ìgun-igi ní Gẹ̀ẹ́sì.

O mọ̀ mí, n kì í jiyàn. N kò bá ọ̀gá kan jiyàn rí. Mo gbọ́ ohùn ara mi tí ó ní, "Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

"Bàbá mi ní láti gbọ́ ọ."

Ó wò mí. Ó ní, "Mo rò pé bàbá rẹ ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé kálàmù pupa rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Sọ ohun tí ó jẹ́ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó tó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ." Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Bí ó ṣe rọrùn tó nìyẹn, Bàbá. Ìlà kan. Ká ní mo fi ìlà kan kún lẹ́tà ọjọ́ yẹn, kí n sọ fún òyìnbó Kàdúná ohun tí igbà jẹ́ àti ìgbà tí ó ń wọlé! Ọwọ́ mi ni ó wà. N kò mọ̀ pé a lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìròyìn náà jáde lẹ́yìn tí mo ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán. Kíláàsì kejì ni mo ń kọ́ báyìí, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Igbótako, títí èsì yóò fi dé. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Kàdúná. N kò kọ inú mi dùn, n kò kọ àlàáfíà. Mo kọ ọ́ pé: "Bùọ̀dá mi, èyí ni ohun tí ó yẹ kí n kọ sí ọ nígbà yẹn. Bàbá béèrè igbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ka lẹ́tà náà sí i létí, mo sì purọ́ fún un pé ó wà níbẹ̀." Mo fi sínú àpòòwé kí ọkàn mi má bàa yí padà.

Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan. Bí mo bá wá sílé láti Igbótako ní ìparí ọ̀sẹ̀, n kò ní béèrè, Ìyá kò sì ní sọ. Ó mọ̀ pé mo ń retí nǹkan. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo bá àpòòwé kan lórí tábìlì, orúkọ mi ni ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe ti Ìyá. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́. Kò gùn. Ó ní òun kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun gbé e fún ọ̀gá òun, ó sì kà á dé òpin, ó wá béèrè bí wọ́n ṣe ń pe okùn náà. Òun pè é fún un, ọ̀gá ń pè é tẹ̀ lé òun títí, kò rí i pè. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́ Àjíǹde. Ìlà tí ó kẹ́yìn nìyí: "Àbúrò mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ igbà yẹn kalẹ̀ kí n tó dé."

Mo kà á fún Ìyá. Ó dìde lọ gbá yàrá rẹ̀.

Lónìí Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo gbé àpótí ìjókòó rẹ jáde, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibojì rẹ, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ara mi. Mo ka ìtàn igbà náà sí ọ létí, ní Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń kà á. Ìyá gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá, ó ń ṣe bí ẹni tí ó wá bó o níbẹ̀ nítorí ìbòòji. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ìwọ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pe igbà, ọ̀bẹ rẹ̀ a dúró, a ní, "Hẹn-ẹn." Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án."

Mẹ́sàn-án ni lóòótọ́.

Ìwọ ńkọ́, Bàbá? Ṣé o di ojú? Ṣé o gbọ́ ọ?

Mo ti bu epo díẹ̀ nínú ìkòkò Ìyá. Mo ti tẹ àtàǹpàkò mi sí igun ìsàlẹ̀, ibi tí o máa ń tẹ tìrẹ sí. N óò ká ìwé yìí, n óò sì fi há ẹ̀yìn igbà lórí ìlẹ̀kùn rẹ, títí Bùọ̀dá yóò fi dé.

Mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe lè fi èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ́ lọ.

Èmi ni,
akọ̀wé rẹ.